Àkísà Inú Ọ̀rá

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò máa fowó ra àkísà, tí yóò sì tò ó sórí pẹpẹ tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá.

Ẹ wo ọkùnrin tó ń kó fíìmù apanilẹ́rìn-ín ayé ijọ́un jọ, àwọn tí kò lóhùn, ti Buster Keaton, Charlie Chaplin àti Harold Lloyd. (N kò dárúkọ o, ẹni tọ́rọ̀ bá kàn mọ ara rẹ̀.) Ó ra The General ti Keaton ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò. DVD dé, ó tún un rà. Blu-ray dé ní 2006, ó ní ojú òun kò gba DVD mọ́. Àwọn ará Bologna ní Ítálì tún fíìmù náà ṣe, ó rà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́ẹ̀ fíìmù 1926 kan náà ni, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń já láti orí afárá tó ń jóná sínú odò ní Oregon. Kò tíì já síbòmíràn láti ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ gidi ni o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè yà á, torí ta ni yóò gbé e dìde? Inú odò lẹ́bàá Cottage Grove ló wà títí wọ́n fi wá kó irin rẹ̀ lọ nígbà ogun àgbáyé kejì. Keaton alára kò ṣàìní àkísà tirẹ̀. Níbi tó ti ń ya Sherlock Jr., tó jáde ní 1924, omi tàǹkì rélùwéè ya lù ú, ó là á mọ́ irin ojú ọ̀nà, egungun ọrùn rẹ̀ sán. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò tó sọ fún un. Bọ́ǹbù tí wọ́n rò pé tìṣeré ni ló gé àtàǹpàkò Lloyd àti ìka tó tẹ̀ lé e ní 1919. Nígbà tó wá rọ̀ dirodiro mọ́ aago lára ilé gíga nínú Safety Last! ní 1923, ìbọ̀wọ́ ló fi bo ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Àwọn wọ̀nyí gbó sẹ́nu iṣẹ́.

Fíìmù fúnra rẹ̀ gbó pẹ̀lú. Àwọn ìlà tó ń já wálẹ̀ lójú àwòrán, ẹ̀rọ sinimá ló ha á bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń wò ó lálaalẹ́. Náítíréètì tí wọ́n fi ṣe é tún máa ń jẹrà, ó sì máa ń gbiná. Ilé ìpamọ́ Fox jó ní New Jersey ní 1937, ti Lloyd jó nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní 1943. Nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn bí 11,000 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1912 sí 1929, ìwádìí tí Library of Congress gbé jáde ní 2013 ní ìdá 14 nínú 100 péré ló ṣẹ́ kù bí wọ́n ṣe gbé e jáde gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó ń tún wọn ṣe. Wọ́n á ṣa ẹ̀dà jọ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, wọ́n á fi wọ́n wé ara wọn ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú èyí tó dára jù níbi gbogbo.

Oníbàárà wọn ni mò ń bá wí. Nígbà tí ìlà wà lójú fíìmù, ó ń kùn. Wọ́n nu ìlà kúrò, ó fi imú kan tẹlifíṣọ̀n, ó ní wọ́n ti nù ún jù, hóró fíìmù dà? DVD ọjọ́sí ṣì ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, kò ní ìlà kan ṣoṣo lára, torí ta ló wò ó? Lọ́jọ́ tó pe àwọn ará ilé wá wo Steamboat Bill, Jr., ojú ilé ya wálẹ̀ lódindi, fèrèsé gba orí Keaton kọjá, ó sì dúró gbagidi láìpa lára. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ti dá a dúró.

“Ẹ wo pákó yẹn! Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́?”

Ní May 2025, lọ́dún tí The Gold Rush ti Chaplin pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fi àtúnṣe rẹ̀ ní 4K hàn ní Cannes. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti ń gbá pẹpẹ, ó ń wá àyè. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé ṣé Chaplin wá jẹ bàtà tí ebi mú kó máa jẹ nínú fíìmù náà tán nínú èyí ni.

“Ó ṣì kù,” ni ọkọ fèsì, “ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ á hàn kedere.”