Adìímú Tí Kì Í Dì Mú

Ìbà rẹ o, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi!
Adìímú tí kì í dì mú.
Ọlọ́dẹ tó ṣílẹ̀kùn fólè,
tó tún bá a di ẹrù.
O jókòó sí oríkèé derailleur, irin tó ń gbé ṣéènì láti jíà dé jíà,
bíi baálẹ̀ tó jókòó síwájú ààfin:
ọjà ń jó, baálẹ̀ ń sùn.

Iṣẹ́ kan péré ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́.
Bí apá derailleur bá fẹ́ sá síwájú, kí o dì í mú;
bó bá ń padà sẹ́yìn láti fa ṣéènì le, kí o yà fún un.
Ìwọ rèé, o yà fún àlọ, o yà fún àbọ̀,
o yà fún gbogbo ayé,
onínúure!

Kẹ̀kẹ́ gun gbòǹgbò igi nínú igbó Epping, létí London,
ṣéènì ń na irin ẹ̀yìn: pàkà! pàkà! pàkà!
Ajá tí wọ́n ń mú rìn gbọ́, ó gbó.
Ìyá àgbà kan ti yà sínú koríko kí n tó yọ;
ó ní òun rò pé ẹṣin ni.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ra agogo mọ́ kẹ̀kẹ́.
Kí ni mo fẹ́ fi agogo ṣe? Mo ní ọ.

Nígbà tó yá, ṣéènì yọ nínú ẹrẹ̀.
Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.
Ta ni kò ní kúnlẹ̀ fún ọ, kábíyèsí?
Ọwọ́ mi dúdú bíi ti alágbẹ̀dẹ,
ohun tí mo rọ ni kò sí.

Jẹ́ kí n kì ọ́ dé orírun.
Àwọn baba kẹ̀kẹ́ òkè, ní Marin County ní Kalifọ́níà,
lọ́dún 1976, ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè.
Bíréèkì inú họ́ọ̀bù wọn á gbóná títí gíríìsì yóò fi di èéfín;
wọ́n á tú u, wọ́n á tún ki gíríìsì mìíràn sí i.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ eré ìje náà ní Repack,
ìyẹn Atúnkì.
Gíríìsì tiwọn, iṣẹ́ ló jó o.
Gíríìsì tìrẹ, ìjókòó lásán ló mú un gbẹ.
Nǹkan bí ọdún 2012 ni irú rẹ tó dé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ òkè:
àbíkẹ́yìn ilé, ọmọ àkẹ́bàjẹ́!

Mo ní kí n má purọ́ mọ́ ọ.
Mo wo ìkọ́ tó gbé derailleur rọ̀: ó tọ́.
Mo wọn ṣéènì: kò tíì nà.
Mo tan súìṣì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ,
mo ti apá náà síwájú: ó lọ wẹ́rẹ́.
Mo pa súìṣì, mo tún tì í: ó lọ wẹ́rẹ́.
Bíi aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀:
a dìbò fún un, a ò dìbò fún un, bákan náà ni.

Mo tú sukúrúù pínníṣín mẹ́ta, mo ṣí ìdérí rẹ.
Omi pupa ṣàn jáde bí ọbẹ̀ tó ti kan.
Ìpẹtà ti bo ìgbànú irin tó yẹ kó fún oríkèé pọ̀.
Ta ló ń fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?
Ẹ má wò mí.
Akéwì ni mí, n kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo nù ọ́ gbẹ, mo ki gíríìsì sí ọ nínú,
mo fi sípánà kékeré fún nọ́ọ̀tì rẹ.
Bí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rìbá, o ta kìjí.
O di ṣéènì mú, o di jíà mú;
jíà tí èmi fúnra mi pè, o ní kó kọ̀wé wá.
Àtàǹpàkò mi ń kérora lórí ìyí jíà.
Ọ̀lẹ àná, sójà òní!
Mo dẹ nọ́ọ̀tì ní ìdámẹ́rin ìyípo kan,
ara rẹ balẹ̀.

Mo padà sígbó. Kẹ̀kẹ́ gun gbòǹgbò:
kẹ́kẹ́ pa mọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu.
Ariwo rẹ ni mo fi ń kì ọ́ tẹ́lẹ̀;
ìgbà tí mo ki gíríìsì, oríkì tán.
Ajá kò gbó.
Ìyá àgbà kò gbọ́ títí mo fi kọjá létí aṣọ rẹ̀.
Ó fò sókè, ó gbé mi ṣépè,
ó ní kí n lọ ra agogo.