Oníbodè Ìgbàlódé

Tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba àti aládàáni fẹ́ jọ la ọ̀nà, ẹ yáa tọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹta nínú àjọṣepọ̀ náà. Wọ́n kàn gbàgbé láti pè yín síbi ìbuwọ́lùwé ni.

Ẹ bi ará Ìkátẹ Elégúṣí. Ní 2006 ni ìjọba Èkó gbé títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 49, lé Lekki Concession Company lọ́wọ́: ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi 30 ọdún gbowó rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2011 ni owó ibodè bẹ̀rẹ̀, ₦120 fún mọ́tò kékeré, ₦150 fún jíìpù. Wọ́n kọ́ ibodè kan sí Admiralty, òmíràn sọ́nà Chevron, Ìkátẹ wá há sáàárín bí ẹran inú míìtì páì.

Ọdún 30 náà kò tíì pé 10 tí ìjọba fi ra ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Ìjọba wá ń bá ìjọba dòwò pọ̀. Ẹni tó ń sanwó nìkan ni kò yí padà. (Ti ìbọn tó dún níbodè lóṣù Kẹwàá 2020, tí owó gbígbà fi dúró, n kò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.)

Ní báyìí, reluwé Green Line ló kàn, láti Marina dé Lekki Free Zone. Obìnrin tó ń ta gálà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bi mí léèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé reluwé náà máa ń há sójú kan?”

Mo ní rárá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má kánjú.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.