Babaláwo Ọrọọ̀rún, Oníkáàdì Àárọ̀-Ọ̀sán-Alẹ́

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọ̀rún. Ẹ gbọ́ o, ọrọọ̀rún làwọn àgbà wí, wọn ò sọ pé láràárọ̀. Babaláwo dÍfá tán, ó ráyè lọ sóko, ó ráyè jẹun, ó tilẹ̀ ráyè bá ìyàwó rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ kí ọjọ́ mìíràn tó pé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London, kó tó fọyín ló ti ń fa káàdì tarot tí wọ́n fi ń wo ọ̀la yọ. Bí tàárọ̀ ò bá sọ ohun tó dùn, á tún fa tọ̀sán.

Òun ló mú mi lọ síbi ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ kọ́ni ní ìtumọ̀ káàdì. Pọ́n-ùn 35 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi rí oúnjẹ nínú ìpolówó, mo rò pé a máa jẹ ẹ́ ni.

Káàdì náà jẹ́ 78. Àwọn 22 ni wọ́n fún lórúkọ ńláńlá: Òmùgọ̀, Ikú, Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, Ilé Ìṣọ́ (kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń mú wá kanlẹ̀kùn yín o). Àwọn 56 tó kù pín sí ife, idà, ọ̀pá àti owó. Olùkọ́ wa, òyìnbó kan tó kọ́ aṣọ ìdáná funfun sọ́rùn, gbé àwo kan ti káàdì kọ̀ọ̀kan. Lórí Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, áńgẹ́lì kan ń da omi láti inú ife kan sí èkejì. Obìnrin náà da òróró ólífì àti fínígà sínú ìgò, ó mì í títí, ó ní ká wo bí ọ̀tá méjì ṣe ń rẹ́. Kó tó kan káàdì tó tẹ̀ lé e, òróró ti gòkè padà, fínígà ti wá ìsàlẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ó kan Idà Mẹ́ta, ọkàn pupa kan tí idà mẹ́ta gún lábẹ́ òjò. Ó ní ká lá ọsàn wẹ́wẹ́. Ojú gbogbo wa sún kì. "Ìbànújẹ́ nìyẹn," ló wí. Òótọ́ ni, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń yé mi láti kékeré, láìsí idà kankan. Oúnjẹ ò bẹ káàdì níṣẹ́ ìtumọ̀. Káàdì ló wá ṣagbe dé ilé ìdáná.

Ayò mà ni káàdì yìí níbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1440 sí 1450, àwọn ọlọ́lá Milan àti Ferrara ní Ítálì fi ń najú ni. Ó di 1781 kí Antoine Court de Gébelin tó kọ ọ́ ní Paris pé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ láyé. 1822 ni Champollion tó tú u. Baba kò ṣí ìkòkò, ó ti mọye iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé Gébelin, ará Paris mìíràn tó ń jẹ́ Etteilla ti gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi í wo ọ̀la.

Àwọn àwòrán tó wà níwájú wa, Pamela Colman Smith ló yà wọ́n fún A. E. Waite ní 1909. Owó táṣẹ́rẹ́ ló rí gbà. Orúkọ Waite àti ti Rider tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń pe káàdì náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó se ọbẹ̀ kò fẹnu kàn án. Bude ní Cornwall ló kú sí ní 1951, tòun ti gbèsè lọ́rùn. Obìnrin tó ya ọkùnrin ayó-káwọ́-gbera níwájú ife mẹ́sàn-án, ìkankan nínú ife náà ò ta á lólobó. Mo bi olùkọ́ léèrè oúnjẹ tó bá ìyẹn mu. Ó ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni, ó sì kọjá sórí kéèkì tó rì.

Ikin 16 tí babaláwo ń lò, èso ọ̀pẹ náà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n tọ́ ọ wò rí. Bí babaláwo bá sì ní kí n ṣe sàráà àkàrà, àwọn ọmọ àdúgbò á jẹ ẹ́ yó. Níbi tiwa, nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n kó gbogbo àwo wọlé. Torí fọ́tò ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

A gba Peckham lọ jẹun. Wọ́n gbé àmàlà dé, ewédú àti gbẹ̀gìrì wà lórí rẹ̀, ata pupa láàárín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ fóònù.

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Ẹ wo bí ewédú àti gbẹ̀gìrì ṣe rẹ́. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì gan-an nìyí!"

Mo ní kó ya àwo tirẹ̀. Èmi ti fọwọ́.