Ọ̀gá Oníbírò Pupa

Ẹ̀yin ọ̀gá alábòójútó àwọn agbaninímọ̀ràn, ẹ jókòó, ẹ̀yin lẹ̀fẹ̀ kàn lónìí. Ẹni tó bá bínú la óò mọ̀ pé òun là ń bá wí.

Mo rí ọ̀kan tó wọ yàrá agbaninímọ̀ràn níléèwé girama. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó ti na ìka sógiri: "Kí ló dé tí kàlẹ́ńdà yìí fi wọ́?" Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó fa ilà pupa. Ó ṣí ojú ewé kejì, pupa. Kó tó pa ìwé náà dé, ó ti rí bí ọrùn àgbò lọ́jọ́ Iléyá. Ọmọ tí agbaninímọ̀ràn rọ̀ títí tó fi padà síléèwé lẹ́yìn oṣù méjì ńkọ́? Ọ̀gá ò béèrè. Sípẹ́lì ló ń wá kiri.

Ọ̀nà mìíràn wà o: kí ọ̀gá kọ́kọ́ wá ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti dáńtọ́, kó gba ibẹ̀ mú un dé ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Peterson àti Seligman, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ka ìwà àmúyangàn ọmọ ènìyàn tó 24 sínú ìwé wọn ní 2004. Mẹ́rìnlélógún! Ọ̀gá mi ò rí ẹyọ kan, àfi kàlẹ́ńdà.

Ẹ̀yin agbaninímọ̀ràn tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ti kàn yín. Ọ̀gá tuntun kan béèrè lọ́wọ́ màdámù kan pé, "Kí lẹ ṣe tó dára lọ́sẹ̀ yìí?" Màdámù wẹ̀yìn wò. Ó ní òun fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó. Ó rò pé ọ̀gá fẹ́ yáwó ni! Bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ fọ́mọ ọlọ́mọ láràárọ̀ pé kó mọyì ara rẹ̀.

Wọ́n wá jọ gbọ́ ohùn ìjókòó ìgbaninímọ̀ràn kan tí ọmọ gbà kí wọ́n gbà sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Màdámù ń lọ bíi jẹnẹrétọ̀ tó yó fún epo: ó gba ọmọ nímọ̀ràn, ó gba bàbá ọmọ nímọ̀ràn, díẹ̀ ló kù kó gba gómìnà nímọ̀ràn. Ọ̀gá ò bá a wí. Ó kàn dá ohùn náà padà síbi kan tí màdámù ti wúkọ́, tó sì dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọmọ ti sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màámi ti kó jáde nílé."

"Báwo lẹ ṣe ṣe ìdákẹ́ yìí?"

"Ikọ́ ni, sà."

"Ikọ́ ti tán nígbà yẹn. Ẹ dúró de ọmọ ni. Ẹ lè dúró báyìí."

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, màdámù ń mi orí.

Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń wá ibi tó dára, ẹ rọra. Ẹni tó tú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn tíṣà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún un pé ó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ẹ bá a wí lójúkorojú.

Láti 1959 tí àwọn sísítà St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ti ṣètò ìtọ́sọ́nà nípa iṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì àṣekágbá, la ti ń ṣiṣẹ́ agbaninímọ̀ràn níléèwé Nàìjíríà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bírò pupa sinmi lọ́sẹ̀ kan péré. Ní ti kàlẹ́ńdà yẹn, èmi fúnra mi máa bá yín tún un kọ́.