Alùpùpù Tí Kì í Gbé Èrò

Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ra alùpùpù motocross kan, Honda 250, four-stroke. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àbúrò ìyá mi, tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí èbúté Ìgbókọ̀dá, pè mí lójú ẹsẹ̀. Kò kí mi kú oríire.

"Èrò mélòó ló ń gbé?"

"Kì í gbé èrò, Bọ̀dá."

"Ẹrù ńkọ́?"

"Kò síbi tí wọ́n ń di ẹrù mọ́."

"Iná iwájú rẹ̀ dà?"

"Wọn ò ṣe iná sí i. Kò gbọdọ̀ dé orí títì."

"Níbo wá lò ń gùn ún lọ?"

"Pápá kan wà, Bọ̀dá. A ó gbéra, a ó yí pápá náà po, a ó sì padà síbi tí a ti gbéra."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló ń lé yín?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Láti ọdún 1924 tí wọ́n ti sá irú ìje bẹ́ẹ̀ ní Camberley, ní Surrey, làwọn òyìnbó ti ń fi títì dídán sílẹ̀ lọ wá kòtò àti gegele. Eré náà ti wá ní òfin tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ fi oko rẹ̀ ṣe pápá ìje, ọjọ́ 14 péré lọ́dún ló lè fi ṣe é láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gùn ún kiri níbi tí kò yẹ, tó fi ń da àdúgbò láàmú, òfin ọdún 2002 ti fún ọlọ́pàá láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ẹrù ni mo fi ń gbé alùpùpù lọ síbi tí mo ti fẹ́ gun alùpùpù. Èmi ọmọ Ìlàjẹ, tí ìyá mi ń nà nítorí ẹrẹ̀ ara aṣọ, ni mo wá ń san owó tó lè tó 40 pọ́n-ùn láàárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó jẹ́ kí n ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Kékeré nìyẹn lára ìnáwó rẹ̀. Bí mo bá ti délé, mo ní láti fọ̀ ọ́, kí n yọ fìlítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n sá a, kí n wá fi òróró kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ rà á kó tó padà sáyè rẹ̀. Ṣéènì ń fẹ́ òróró tirẹ̀. Fáàfù ń fẹ́ wíwọ̀n: irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni wọ́n ń kì bọ ààyè tó wà níbẹ̀, ààyè tí kò tó ìdajì mílímítà. Wọn kì í ka kìlómítà fún un, wákàtí ni wọ́n ń kà. Ìwé tí Honda fún wa sọ pé lẹ́yìn ìje 6 tàbí wákàtí 15, kí a da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kí a bu òmíràn sí i. Kódà písítínì, tí ẹlòmíràn nílé kò rí rí títí ọ̀kadà rẹ̀ fi di àlòkù, nǹkan tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè ni. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹ́ńjìnì náà sì lè yí ju ìgbà 13,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bọ̀dá, ó mí kanlẹ̀. "Àbíkú ni wọ́n tà fún ọ," ó ní. "Gbogbo ìtọ́jú tó ò ń ṣe yẹn, lílọ ló ṣì ń lọ."

Mo ní four-stroke náà mà ni Bajaj Boxer tó ń ná Ìgbókọ̀dá. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Boxer mọ ohun tó wá ṣe láyé: èrò méjì, apẹ̀rẹ̀ ẹja kan, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní fífò.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá parí sí ẹ̀rín, àmọ́ mo lọ wo iye agbára tí Honda mi ní. Agbára ẹṣin bíi 40 ni. Yamaha 40 kan náà tí Bọ̀dá ń tún ṣe, tí àwa Ìlàjẹ fi ń ná odò, iye tó kọ sára nìyẹn. Agbára ẹṣin 40 lọ́hùn-ún ń gbé ọkùnrin kan ṣoṣo yí pápá po. Agbára ẹṣin 40 nílé ń gbé odidi àdúgbò.

Ẹ wo bó ṣe ń rí láàárín Ìgbókọ̀dá àti Ayétòrò. Ọkọ̀ ti kún fún èrò, ẹja gbígbẹ, àpò pupurú, àti ewúrẹ́ kan tí kò sanwó. Ẹ́ńjìnì á kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Awakọ̀ á gbé ìdí rẹ̀ jáde nínú omi, á fi ọ̀bẹ gé koríko omi àti ọ̀rá tó lọ́ mọ́ pùròpẹ́là. Á tú pọ̀lọ́ọ̀gì, á fi etí ṣòkòtò nù ún, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á dá a padà. Á fa okùn. Kò jẹ́. Ìyá kan tó wọ sùtánà funfun á dá orin. Á tún fa okùn. Kò jẹ́. Gbogbo ọkọ̀ á gbe orin, títí kan alhájì tó jókòó níwájú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnì á bú ramúramù, ìyá náà á sì wojú awakọ̀ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, kó lè mọ ẹni tó tún un ṣe.

Èyí tí kò pa kọ́bọ̀ wá ní ìwé ìtọ́jú, èyí tó ń gbé aboyún lọ sọ́sibítù, orin ni wọ́n ń kọ fún un. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Bọ̀dá lè dúró létí èbúté, kí ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, kó ní, "Pọ̀lọ́ọ̀gì ìyẹn ti ń kú lọ," ọkọ̀ náà á sì dé, ọ̀rọ̀ á rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú ẹ́ńjìnì two-stroke dání, tí wọ́n ń po lítà ọ́ìlì 1 mọ́ lítà epo 50, tí kò ní fáàfù tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀n, tí ènìyàn lè fi sípánà mélòó kan tú lójú omi. Ará Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀dó lọ́dún 1947, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, tí òkun sì ti ń gbé ilé àti títì rẹ̀ lọ, kò nílò kí n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọkọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bí Honda mi bá wà ní títú fún oṣù kan, oúnjẹ mi kò yẹ̀. Bí Yamaha bá wà ní títú lọ́jọ́ ọjà, ilé mẹ́rin lebi á pa.

Síbẹ̀, ìwé Yamaha náà ń ka wákàtí: 100, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì gíà. Nílé, inú páálí ni ìwé yẹn ń gbé. Mo wá ra aago kékeré kan tó ń ka wákàtí ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ń we wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà pọ̀lọ́ọ̀gì, mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé sí Bọ̀dá. Mo ṣàlàyé lẹ́sẹẹsẹ: bó bá ti pé 100, ọ́ìlì.

Ó pe mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé etí. Ó ní n kú iṣẹ́, òyìnbó gbọ́n. Mo ní ṣé ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì ni? Ó ní ọ́ìlì wo? Ó ti di aago mọ́ ẹ́ńjìnì, ó kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sùn, ó sì bá wákàtí méjì lé lórí rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́: ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ní Ugbónlà ló ń gbé ọkọ̀ lọ lóru.

"Fi méjì míì ránṣẹ́," Bọ̀dá ní. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ní ọmọọṣẹ́."