Bàbá Onípáálí

Bí ẹ bá mọ Bàbá Onípáálí kan, ẹ ti mọ gbogbo wọn. Ó lè máa gbé ní Peckham, ó lè máa gbé ní Manchester tàbí Houston. Ó lè jẹ́ òyìnbó, ó lè jẹ́ ènìyàn dúdú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó máa sọ pé òun máa tó fẹ̀yìn tì kí òun lè ráyè to mọ́tò. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sóde o. Mọ́tò oníke ni, tí wọ́n kó wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fi abẹ gé e, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò fín in lọ́dà, yóò sì gbé e sórí pèpéle kí àlejò lè rí i. Bàbá Onípáálí ní páálí 240. Èyí tó ti tò parí láti ogún ọdún kò ju márùn-ún lọ, ọ̀kan nínú márùn-ún náà kò sì ní ilẹ̀kùn.

Èyí tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín jẹ́ tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má tíì bi mí bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń kówó lé ohun tí kò ní tà. A máa dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó wá kàwé ní Ìlú Ọba ló fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent àti Sussex. Wọ́n á kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n á sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Onípáálí. Bó bá di Sátidé, ìyá òyìnbó á fún un ní ṣílè méjì, ó di ṣọ́ọ̀bù Woolworths, kò sì sí ohun tó ń rà níbẹ̀ ju mọ́tò oníke ti Airfix lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tò ó tán, gọ́ọ̀mù ti lẹ ìka méjì mọ́ra wọn, Jaguar E-Type sì ti ń sáré lórí tábìlì oúnjẹ. Ọ̀dà? Ta ló rí ti ọ̀dà rò? Ìgbà yẹn ló to mọ́tò jù láyé rẹ̀. Owó ni kò ní. Ọjọ́ tí owó dé ni títò tán.

Ìmọ̀ ni kò wọ́n ọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí i, kó jẹun kó tó jáde nílé tirẹ̀, nítorí ìrẹsì á ti tutù kí ọ̀rọ̀ tó kan Japan. Láti 1939 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Hungary, dá Airfix sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ nípa katakata Ferguson tí wọ́n fi ike ṣe ní 1949 kí àwọn tó ń ta Ferguson gidi lè máa mú un káàkiri, ẹ ó sì gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Golden Hind tí wọ́n ṣe fún Woolworths ní 1952. Bí ẹ bá ṣèèṣì mi orí, ó di Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní Troy, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ilé iṣẹ́ AMT ti ń ṣe mọ́tò kéékèèké fún àwọn tó ń ta mọ́tò gidi. Nígbà tó di 1958, wọ́n gbé páálí kan jáde tó ṣeé tò lọ́nà mẹ́ta: bí mọ́tò náà ṣe jáde nílé iṣẹ́, bí àwọn ọ̀dọ́ aláfẹ́ ṣe ń tún tiwọn ṣe, tàbí bí wọ́n ṣe ń lò ó fún eré ìje. Bàbá Onípáálí ní mọ́kànlá nínú irú páálí yìí. Ọ̀nà kẹrin ló gbà: kò tò ó rárá.

Tó bá wá kan Japan, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á tún ìjókòó ṣe. Tamiya ti ìlú Shizuoka! Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bí oníṣòwò pákó ní 1946! Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Porsche 934 tó jáde ní 1976, Shunsaku Tamiya ra Porsche 911 gidi, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Mo ní àwọn ọmọ Ládìpọ̀ ní Múṣín ń tú mọ́tò palẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, “Àbúrò, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ iyì nǹkan.”

Ẹ má tíì dìde, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣì kù. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn kí mọ́tò oníke jẹ́ ìdá kan nínú 25 mọ́tò gidi. Ti Japan àti ti Yúróòpù sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 24. Mọ́tò tó bá gùn tó mítà mẹ́rin àbọ̀, bí a bá fi 24 pín in, mílímítà 187.5 ni, bí a bá fi 25 pín in, ó di 180. Mílímítà méje àbọ̀, tí kò tó ìbú ìka kan, ló mú kí Bàbá Onípáálí ra pèpéle méjì, tó sì fi òfin de ẹ̀yà kan pé kò gbọdọ̀ jókòó ti ìkejì. Páálí ló sì wà lórí pèpéle méjèèjì o. Kò sí mọ́tò níbẹ̀.

Bó ṣe ń kó wọn wọlé tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ilé aládùúgbò ni wọ́n ń já a sí, kí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóyìn, má baà rí i. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, á lọ gbà á, á kó o sínú báàgì ńlá, á fi agbádá bò ó mọ́lẹ̀.

“Bàbá Tóyìn, kí ló wà nínú báàgì yẹn?”

“Agbádá mi ni, Ìyá Tóyìn. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ alágbàfọ̀.”

“Kí ló wá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú agbádá?”

“Bọ́tìnnì ni.”

Agbádá kì í ní bọ́tìnnì. Ìyá Tóyìn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Obìnrin tó bá ti wà lọ́dọ̀ ọkọ láti 1984 á ti mọ ìjà tó yẹ kí òun jà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ká a mọ́ tí kò rí bọ́tìnnì dárúkọ, Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ á dìde. “Owó ni mo tọ́jú síbẹ̀,” ni yóò wí. “Páálí tí wọn ò tíì ṣí, iye rẹ̀ ń lọ sókè ni.” Nítorí náà, kò gbọdọ̀ ṣí i. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bó bá wù ú láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á gbé e sétí, á mì í, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí kì í sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń tẹ ike yìí kì í yára kú. Iṣẹ́ tó rọ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́rùn jù ni pé kí wọ́n gbé mọ́ọ̀dù àtijọ́ jáde, kí wọ́n ya àwòrán tuntun sójú páálí, kí wọ́n tún un tà. Round 2 tó ni AMT lónìí ń ṣe é, Revell ń ṣe é, Airfix náà kò gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é sí èyí tí òun fi owó ìfẹ̀yìntì rà, Bàbá Onípáálí kì í jẹun alẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á ra tuntun náà, nítorí pé àwòrán ojú páálí rẹ̀ yàtọ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn pé kì í gbìyànjú rárá. Ó ní Porsche kan tó ti ṣí. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, nítorí òróró mọ́ọ̀dù tó lè wà lára ike kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Ó fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, ó fi sáńpépà ha á, ó fín àwọ̀ pupa. Eruku kan bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á fi sáńpépà yọ ọ́, á tẹ̀síwájú. Òun fi oògùn bó gbogbo ọ̀dà náà kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọṣẹ. Ọdún kẹta rèé tí Porsche yìí ti ń wọ̀, tó ń bọ́. Níkẹyìn, ó fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó kọjú sí díńgí ẹ̀gbẹ́, díńgí tí kò tó hóró ẹ̀wà, díńgí náà sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú, ó já sórí kápẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀, òfin dé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ gba pálọ̀ kọjá. Bàbá kúnlẹ̀, ó di tọ́ọ̀ṣì mú, ìdí rẹ̀ kọjú sókè.

“Bàbá Tóyìn, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?”

“Díńgí mọ́tò ló sọnù.”

“Èyí tó ti kán láti Ọdún Àjíǹde? Ṣebí sẹlotéèpù lẹ fi lẹ̀ ẹ́.”

“Kì í ṣe ti Toyota. Ti Porsche ni.”

“A ti wá ní Porsche?”

Toyota tó wà níta kò kọjá àyẹ̀wò MOT lọ́dún yìí, nítorí díńgí yẹn, àti nítorí táyà méjì tó ti jẹ tán. Ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń ṣí. Bàbá Onípáálí kò rí i.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò tíì fọwọ́ kan àwọn tó kù, nǹkan kan ló máa ń kù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ danfo. Hasegawa ti Japan ṣe bọ́ọ̀sì Volkswagen kan, irú èyí tí Èkó fi ṣe danfo, òun sì ti pinnu pé danfo ni òun máa fi í ṣe, aláwọ̀ yẹ́lò tó ní ilà dúdú, irú èyí tó wọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà nígbà tí wọ́n mú un padà sílé. Yẹ́lò wo wá ni? Ó ra ti Tamiya, ó ra ti Humbrol, ó tún ní kí alọ́dà mọ́tò gidi po òmíràn fún òun. Ó ní kí wọ́n máa fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Èkó. Yẹ́lò inú fọ́tò kan kò bá ti ìkejì mu. Ó wá bẹ àbúrò rẹ̀ ní Ìkòròdú pé kó gé díẹ̀ lára danfo ránṣẹ́ sí òun. (Àbúrò náà pe Ìyá Tóyìn, ó béèrè bóyá ara ẹ̀gbọ́n òun yá.) Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó kun danfo gidi, yẹ́lò tó bá rí lọ́jà lọ́jọ́ náà ló rà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́bàá títì, awakọ̀ sì ti ń pe èrò kó tó gbẹ.

Bó bá di oṣù kọkànlá, ó di Telford, níbi tí IPMS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to ohun oníke, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, ti ń ṣe ìpàtẹ ńlá wọn. Gbogbo Bàbá Onípáálí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń pàdé níbẹ̀. Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dé iwájú iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Tiwa tẹ̀ ba níwájú Beetle kan báyìí, ó yọ tọ́ọ̀ṣì, ó mi orí. Ó ní ẹni tó tò ó kọ 1966 sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni iná iwájú rẹ̀ dúró gbọnrangandan; Beetle ilẹ̀ Yúróòpù kò ní irú iná bẹ́ẹ̀ títí di àárín 1967, dídàgẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀ jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tò ó náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í pé Beetle tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó wà nínú páálí.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo bá a ṣe ìṣirò. Mọ́tò kan láàárín ọdún mẹ́rin, páálí 240. Ọdún 960 nìyẹn. Mètúsélà lo 969, a jẹ́ pé yóò rí ọdún mẹ́sàn-án fi sinmi. Ó ní mi ò tíì ka méje tó wà ní búùtù.

Nígbà tí a wà ní Telford, wọ́n gbé ọmọ Tóyìn wá kí ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò sì sí ohun tó ń ṣe. Ìyá Tóyìn gun àga, ó nawọ́ sí páálí tó wà lẹ́yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà tètè mọ̀, ó fà á yọ: Beetle ti Tamiya, tọ̀rátọ̀rá. Ìgbà tí a fi máa wọlé, ọmọ ti tò ó tán. Gọ́ọ̀mù wà lára gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀dà níbì kankan, táyà kan fì. Bàbá Onípáálí gbé e, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Ó ti fi gọ́ọ̀mù ba gíláàsì jẹ́,” ló wí. Ọmọ náà gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ń sáré, ó sì tì í gba pálọ̀ kọjá. Mọ́tò kẹfà tí wọ́n tò parí nínú ilé náà láti ogún ọdún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò tíì sọ fún un, torí mo bọ̀wọ̀ fún àgbà. Táyà rírọ̀ inú àwọn páálí àtijọ́ ní òróró kan lára tó máa ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ike tí ó bá fara kàn, ó ń yọ́ ọ ni. Táyà tó sùn ti gíláàsì iwájú fún ọgbọ̀n ọdún á jẹ gíláàsì náà wọnú, inú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ló sì ti máa ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú bàbá yìí nílé, ẹ bá a sọ ọ́ lónìí: kó ṣí páálí, kó kó táyà sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá kọ̀, tó ní owó rẹ̀ á wálẹ̀, ẹ fi òun àti táyà sílẹ̀.