Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ìlobù tó múlé ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń bọ Erinlẹ̀, ọdẹ tó di òrìṣà. Ìfọ́n ní tirẹ̀ ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun. Ó yẹ kí ẹni tó wà láàárín òrìṣà ọdẹ àti òrìṣà aláṣọ funfun mọ ìbọn, kó sì mọ sùúrù. Èmi ò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹnu nìkan ni mo ní. Ẹnu yìí ni mo fi gbé èrò mẹ́ta kalẹ̀ lórí ìbọn ìléwọ́ tó ń ti ọta bọ ihò ìdí àgbá fúnra rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dojú bolẹ̀: pé ìbọn tó bá ti ní ìdè lára, irin tí kì í jẹ́ kó ṣèèṣì yìn, kò léwu mọ́, pé bí a bá ti yọ àpò ọta kúrò nídìí ìbọn, ó ti ṣófo, pé èyí tó bá dé kẹ́yìn ló dáa jù. Ẹ tún wá wò ó, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn èyí tí a fòfin dè, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ààrẹ. Ìyẹn ni pé ohun tí òfin ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ni mo ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n lé lórí. Kí ẹlòmíì má baà jogún àṣìrò mi, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ti àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti gbà gbọ́, nítorí pé ojú ń rí ìdè. Nínú ìbọn tí John Browning, ará Amẹ́ríkà, ṣe, tí àwọn ológun ilẹ̀ rẹ̀ gbà ní ọdún 1911, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni apátí, irin tí ìka ń fà, ń ṣe: ó ń tú òòlù tí a ti fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Òòlù á gbá abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á gún ìdí ọta, ó parí. Nítorí pé òòlù ti wà lẹ́yìn, apátí náà kò le, kò sì jìn. Kí ìka fà á díẹ̀ ti tó. Irú kan náà ni Hi-Power tí ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 1935. Ohun tó fúyẹ́ tó báyìí nílò ìdè, wọ́n sì fi í sí i: ti 1911 ní ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àtàǹpàkò ń tì sókè sódò, ó tún ní òmíràn lẹ́yìn ìdìmú, tí kò ní jẹ́ kó yìn àfi bí àtẹ́lẹwọ́ bá dì í mú ṣinṣin. Mo ní, ìbọn gidi nìyí. Ohun tí mi ò rò ni pé ọwọ́ tó ń ti ìdè náà ló ń gbàgbé láti tì í. Ọlọ́pàá tí àyà rẹ̀ ń já lè gbàgbé láti ṣí i lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ẹni tó ti délé, tí ara ti tù ú, lè gbàgbé láti tì í pa. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó bá gbọ́kàn lé ìdè á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣeré nídìí apátí.

Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Ìbọn PP tí Walther gbé jáde ní 1929 ṣeé gbé rìn kí ọta wà nínú ihò, kí òòlù sì wà nílẹ̀. Fífà àkọ́kọ́ gùn, ó sì le, torí apátí fúnra rẹ̀ ló ń gbé òòlù lọ sẹ́yìn kó tó jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́, ìbọn ti fa òòlù sẹ́yìn fúnra rẹ̀, fífà kejì á wá fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Beretta 92 ń ṣe, èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà mú ní 1985 tí wọ́n sọ ní M9. Ó ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń dá òòlù padà láìyìn. Agbára tí ìka máa lò ló di ìdè níhìn-ín: ó ṣòro kéèyàn ṣèèṣì fa ohun tó gùn tó sì le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ń ta kò ó, àtakò wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìbọn kan, ìwà méjì. Ìka tó fi tipátipá fa ti àkọ́kọ́ lè tú ìkejì sílẹ̀ kí ọkàn tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì gbàgbé láti dá òòlù padà, ìbọn tí apátí rẹ̀ ti fúyẹ́ ló kì bọ àkọ̀.

Nígbà tó di 1982 tí àwọn ológun Ọ́síríà gba ìbọn Gaston Glock, kò sóòlù níta, kò sì sí ìdè kankan fún àtàǹpàkò. Ẹni tó bá ń ro ìrò mi àkọ́kọ́ á ní wèrè ni. Inú ni wọ́n kó ìdè sí: abẹ kékeré kan wà lójú apátí, bí ìka ò bá tẹ̀ ẹ́, apátí ò ní lọ sẹ́yìn, irin kan ń dí abẹ́rẹ́ lọ́nà, òmíràn kò jẹ́ kó yìn bó bá já bọ́ sílẹ̀. Bí ìka bá ti fa apátí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣí tẹ̀ léra wọn. Ìdè tí ẹnikẹ́ni ò lè gbàgbé nìyẹn, torí kò sóhun tí a fẹ́ rántí. Àmọ́ apátí ò mọ ìka yàtọ̀ sí etí ẹ̀wù tàbí okùn tó há sí i nígbà tí wọ́n ń kì í bọ àkọ̀. Ohun tó bá ṣáà ti tẹ̀ ẹ́, ó gbà á bí àṣẹ. Abájọ tí àwọn ọlọ́pàá New York, nígbà tí wọ́n ń gba irú ìbọn yìí ní 1993, fi bèèrè fún apátí tó le ju bó ṣe máa ń wà lọ. Lórí Glock yìí gan-an ni àṣìrò mi kejì, ti àpò ọta, ti fọ́ túútúú. Ẹni tó bá fẹ́ tú Glock láti nù ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa apátí rẹ̀. Bó bá yọ àpò ọta nìkan, ọta kan lè wà nínú ihò síbẹ̀. Ẹni tó bá yọ àpò tí kò wo ihò, ilé ara rẹ̀ ló fẹ́ yìnbọn sí. Hi-Power tiẹ̀ ní irin kan tí kì í jẹ́ kó yìn bí a bá ti yọ àpò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn ni kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fi ti ọ̀kan ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo wọn ti wọ gàù.

Ẹ̀rí tó wó èrò mi kẹta ṣì tún gbóná ju ìyẹn lọ. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà yan irú P320 ti SIG Sauer rọ́pò M9. Tuntun ni, lẹ́yìn ìdíje ńlá sì ni. Kí ọdún náà tó parí, ó ti hàn pé èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ará ìlú lè yìn bó bá já lulẹ̀ ní ìdábùú kan: apátí náà wúwo débi pé nígbà tí ìbọn dúró lójijì, òun ṣì ń bá ìrìn lọ. Ní oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn á tún un ṣe láìgbowó. Ìbọn tó dé kẹ́yìn kọ́ ni kò lábùkù. Àbùkù rẹ̀ ni kò tíì hàn.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, ṣé asán ni gbogbo irin wọ̀nyí? Rárá o. Irin tó ń dí abẹ́rẹ́ ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ikú, ìdè ẹ̀gbẹ́ sì lè dá ọmọdé dúró fún ìgbà díẹ̀. Àbò ni, ṣùgbọ́n ìkejì ni. Ìwà ẹni tó dì í mú ni ìkíní. Ẹ wo ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà: ẹ̀tù àti ọta ti wà nínú àgbá, kò rọrùn láti kó wọn jáde, kò sì sí ìdè kan tí Glock tàbí Beretta lè kọ́ ọ. Kápù, ohun tó ń tanná ran ẹ̀tù, ni kì í fi sí i títí ẹran á fi hàn. Ẹnu ìbọn á wojú ọ̀run tàbí ilẹ̀, kò ní wo ẹni tó ń lọ níwájú. Ohun kan náà ni Jeff Cooper, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní ìbọn, kó jọ sí òfin mẹ́rin: ka gbogbo ìbọn sí èyí tó lọ́ta, má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tó ò fẹ́ pa, yọ ìka kúrò lójú apátí títí ìbọn á fi kọjú sí ohun tí o fẹ́ yìn, mọ ohun tí o fẹ́ yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn.

Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ òun? Lẹ́yìn wàhálà tó mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n àti Ìlobù ní 2025, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àwàdà fún wa. Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tí ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ yọ kátíríìjì, ẹ fojú wo ihò, ẹ fìka kàn án, ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí ẹ sì ti ọta àti ẹ̀tù mọ́ ibòmíì, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò dé. Ẹni tí kò bá sì ní àṣẹ, kó má ní ìbọn.